Ìyá Tí Kò Rí Oorun Sùn àti Ilé Tí A Tì Pa

Bí àìsàn bá wọ ara ọmọdé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí kò sì fẹ́ lọ bọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn kì í dá a dá ìyá ọmọ náà. Ẹbí a gbé owó wá, aládùúgbò a gbé àgbo wá, ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ a gbé òróró àti àdúrà wá, àwọn mìíràn a sì gbé ìmọ̀ràn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn wá. Mo ti rí gbogbo rẹ̀ ní ilé àbúrò mi obìnrin, ẹni tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ọmọ rẹ̀ kejì sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. N kò kẹ́gàn ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí, nítorí pé owó ni a fi ń ra oògùn, àdúrà sì ti gbé ìyá ọmọ náà ró ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún un pé SS ni ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tí ì wọ ilé rẹ̀ kí ó wí fún un pé kí ó lọ sùn, pé òun ni òun yóò ṣọ́ ọmọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ẹgbẹ́ aláàánú wà tí iṣẹ́ wọn kò ju èyí lọ. Wọn a mú ọmọ tí àìsàn ńlá ń bá fínra, pẹ̀lú bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, wọn a gbé gbogbo wọn kúrò nílé fún ọjọ́ mélòó kan lọ sí ibi tí ara yóò ti tù wọ́n, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ níhìn-ín yóò sọ pé àṣejù ni, pé ẹni tí kò tí ì rí owó oògùn san kò gbọdọ̀ máa ronú ìgbafẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí n kò fi gbà á ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òru ṣe ń rí ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Nínú àrùn yìí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa dí ojú àwọn iṣan kéékèèké. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti lè kọjá ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Òtútù a máa fà á, ibà a máa fà á, òùngbẹ a máa fà á, àárẹ̀ pàápàá a máa fà á. Nítorí náà, ìyá a máa jí lóru láti fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ bóyá ó ń gbóná, a máa jí láti fún un ní omi mu, a máa jí lásìkò ọyẹ́ láti wò ó bóyá aṣọ ti bọ́ kúrò lára rẹ̀, nígbà tí ó bá sì yá, a máa jí láìnídìí nítorí pé jíjí ti mọ́ ọn lára. Bí kíráísísì, ìyẹn ìgbà tí ìrora náà bá le gan-an, bá wá dé, ilé ìwòsàn ni ó kàn, ilé ìwòsàn tiwa kì í sì í gba ọmọ nìkan. Ìyá ni yóò sáré lọ ra abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́, òun ni yóò gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, òun ni yóò máa pe àwọn ẹbí lórí fóònù láti wá ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, orí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù ni yóò sì dùbúlẹ̀ sí. Ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìwòsàn lọ ní Nàìjíríà ni ó ń ti inú àpò àwọn ará ilé jáde. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n sì fojú bù pé a ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè wa lọ́dọọdún, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ìyá, tàbí ìyá àgbà, tí ń jí lóru.

Nínú àwọn tí ó dá irú ẹgbẹ́ aláàánú yìí sílẹ̀, ẹni tí ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lára jù ni Henri Landwirth. Júù ni, ìlú Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti bí i ní 1927. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Nazi kó o láti àgọ́ ìfìyàjẹni kan dé òmíràn, Auschwitz sì wà lára wọn. Wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀, òun yè. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó di olùdarí hòtẹ́ẹ̀lì ní Florida ní Amẹ́ríkà, nítòsí ọgbà ìgbafẹ́ Disney, ó sì máa ń fi yàrá sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ìdílé ọmọ aláìsàn tí ó fẹ́ rí ọgbà náà. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amy, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Yàrá ti wà nílẹ̀ dè é, ṣùgbọ́n ètò ìrìn àjò tí ó kù falẹ̀, ọmọ náà sì kú kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ní 1986, Landwirth dá Give Kids The World sílẹ̀ kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Lónìí, odindi abúlé ni ó wà ní Kissimmee, ilé ibẹ̀ lé ní 160, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìdílé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ sì lè jẹ áísìkirimù ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láìsí ẹni tí yóò bá a wí.

Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kò fi ìkówójọ bẹ̀rẹ̀. Yàrá tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ìbá ṣófo ní alẹ́ ọjọ́ náà, ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ekejì, tí ó sì kan àwa tí a fẹ́ràn ìpàdé àti ìgbìmọ̀ gidigidi, ni pé ìfàsẹ́yìn lásán ni ó gba ànfààní náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, nígbà tí yàrá ti wà tí ọkàn rere sì ti wà.

Àwọn mìíràn gbé e gba ọ̀nà tiwọn. Ní Oxford ní 1982, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn kan, Sister Frances Dominica, ṣí Helen House, ilé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àìsàn wọn kò ní ìwòsàn. Ohun tí ó bí ilé náà ni pé ó ti máa ń gba ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Helen, tí àìsàn inú ọpọlọ ti sọ di ẹni tí kò lè ṣe ohunkóhun fún ara rẹ̀, sọ́dọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀ lè sinmi. Òṣèré sinimá nì, Paul Newman, dá Hole in the Wall Gang Camp sílẹ̀ ní 1988 ní Ashford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde bíi ti ọmọ wa wà lára àwọn tí ń lọ síbẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì sì wà lọ́dọ̀ wọn tọ̀sán-tòru. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, bí ọmọ bá la ìtọ́jú jẹjẹrẹ tàbí iṣẹ́ abẹ ọkàn kọjá, gbogbo ìdílé lè lọ lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pa pọ̀ ní ilé ìtọ́jú bí èyí tí wọ́n ṣí ní Tannheim ní 1997, àwọn ọmọ tí ara wọn le a sì máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ níbẹ̀. Owó adójútòfò ìlera tàbí ti ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi ń san án. Èyí tí ó jọ mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Jámánì, nítorí pé àwọn yẹn kò kà á sí àánú rárá. Wọ́n kà á mọ́ ìtọ́jú, bí ẹni ń ka oògùn mọ́ ọn.

Ohun kan wà tí kì í jẹ́ kí àwọn àgbà wa fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀, èrò tí ń sọ sí wọn lọ́kàn ni ti ọmọ tí ó ń kú lọ, tí wọ́n fẹ́ ṣe ohun tí ó wù ú fún kí ó tó lọ, ẹnu wọn a sì kún fún “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Èrò náà kò ṣàdédé wá. Ní 1980 ní Phoenix, ní Arizona, àwọn ọlọ́pàá fi aṣọ àti báàjì tí ó tó ọmọdé sọ Chris Greicius, ọmọ ọdún méje tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, di ọlọ́pàá nítorí pé iṣẹ́ náà ni ó wù ú. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi kú, láti ara rẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Make-A-Wish ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ikú ti dé tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ni ó ń dàgbà di abiyamọ àti bàbá ọmọ. Ọmọ àbúrò mi ń lo hydroxyurea, oògùn tí ń dín ìgbà tí kíráísísì ń dé kù, a sì ń retí pé kí ó wọ yunifásítì. Ìsinmi tí mo ń sọ kò ní í ṣe pẹ̀lú ìdágbére. Ìyá rẹ̀ ṣì ní ọ̀pọ̀ ọdún láti fi tọ́jú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó ní agbára tí yóò fi lò ó.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tí ó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé a fẹ́ràn ilé kíkọ́ sílé baba wa. Ẹni tí ó ń ṣòwò ní Èkó, ẹni tí ó ń ṣe dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, kò sí èyí tí kò ní fẹ́ kí wọ́n nawọ́ sí géètì rẹ̀ nílé. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣágámù ni àwọn ilé náà tò sí, èyí tí ó ní yàrá mẹ́fà, tí ó ní kànga ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n a ṣí wọn sílẹ̀ ní Iléyá kí olówó lè rí ibi wọ̀ fún Ọjúde Ọba tí ó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta rẹ̀, wọ́n a tún ṣí wọn ní Kérésìmesì, àti bí òkú àgbà bá sùn. Lẹ́yìn èyí, ó di ti ọlọ́dẹ àti aláǹgbá. Ọdún tí ọmọ àbúrò mi fi wà lórí ìbùsùn ilé ìwòsàn nígbà Ọjúde Ọba, orí fóònù ìyá rẹ̀ ni ó ti ń wo ẹṣin àwọn ìdílé Balógun bí wọ́n ti ń jó, nígbà tí ìlú sì kún dé ẹnu, tí gbogbo ilé wọ̀nyẹn tan iná. N kò rò pé ìkà ni ó wà nínú àwọn onílé. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n ni.

Nítorí náà, mo bi ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ń gbé òkè òkun ní ilé ní Ìperu, mo sì pè wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a lò ó fún ìgbà díẹ̀ nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ọmọ iléèwé. Wọ́n ní, “Ṣé ilé náà kò kúkú wà lásán?” Ìdí tí Ìperu fi bá mi lára mu ni pé Ìlíṣàn kò jìnnà sí i rárá, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Babcock sì wà níbẹ̀, bí ó bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà ní Ṣágámù. Mo bẹ nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, pé kí wọ́n bá wa lọ. A kó ẹní, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, aṣọ ìbora tí ó nípọn, kúlà oògùn àti omi ṣáá, a gba Odògbolú kọjá, bàbá àwọn ọmọ sì ti Èkó wá bá wa níbẹ̀.

Àbúrò mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Bí a bá ní kí ó jókòó, yóò dìde lọ fọ abọ́ tí ẹlòmíràn ti fọ̀. Ó sọ fún mi pé ó ń ṣe òun bí ẹni tí ó sá kúrò níbi iṣẹ́. Ní òru ọjọ́ kejì, ọmọ náà jí, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Màmá Nọ́ọ̀sì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní ibà, àyà kò dùn ún, mímí rẹ̀ já gaara. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora tí dókítà rẹ̀ ti kọ sílẹ̀, wọ́n fún un ní omi, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í títí ó fi sùn padà. Wọn kò jí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ó gbọ́, inú bí i púpọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ má jí mi? Bí nǹkan bá ṣe ọmọ mi ńkọ́?” Ó yí sí Màmá Nọ́ọ̀sì, ó ní, “Màmá, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́.”

Mo ṣì gbà pé nọ́ọ̀sì ni ó tọ̀nà, mo sì gbà pé ìbínú àbúrò mi tọ́ sí i. Ohun tí ó jáde nínú ìjà náà wúlò ju ọjọ́ tí a lò lọ. Àbúrò mi àti Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé: bí ara bá gbóná, bí àyà bá ń dùn ún, bí mímí bá ṣòro, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá rọ tàbí ẹnu bá wọ́, bí ikùn bá wú lápá òsì, bí ojú bá funfun, kí wọ́n jí ìyá rẹ̀ kí gbogbo wọn sì máa lọ sí Ìlíṣàn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìrora ẹsẹ̀ tàbí apá nìkan, tí oògùn sì ń ká a, kí nọ́ọ̀sì bójú tó o. Àbúrò mi fọwọ́ sí i. Ní òru tí ó tẹ̀ lé e, ó sùn títí oòrùn fi mú ojú fèrèsé, ọkọ rẹ̀ sì ń lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi pé kì í ṣe nítorí ọ̀ṣọ́ ni àwọn àgọ́ òkè òkun fi ń kó dókítà jọ. Ìyá tí kò bá fọkàn tán ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ kò ní sùn, bí ẹ gbé e lọ sí ààfin.

Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ, ọkùnrin, AA ni, kò ní àrùn náà. Òun ni ó ń pọnmi, òun ni ó ń gbé oúnjẹ lọ sí wọ́ọ̀dù, òun ni wọ́n sì máa ń sọ fún pé kí ó ní sùúrù bí wọ́n bá fi owó aṣọ ọdún rẹ̀ ra oògùn. Ní Ìperu, bàbá rẹ̀ mú òun nìkan lọ wo bọ́ọ̀lù, wọ́n sì jẹ sùyà bọ̀. Ó ń sọ ọ́ títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ní àgọ́ Newman, ètò ọ̀tọ̀ wà fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ aláìsàn, láìsí aláìsàn kankan láàárín wọn. Kí n tó rí ọmọkùnrin yìí pẹ̀lú bàbá rẹ̀, n kò mọ bí ètò náà ti ṣe pàtàkì tó.

Àwọn kan bú wa. Aládùúgbò kan sọ fún àbúrò mi nígbà tí ó padà dé ọjà pé àwọn tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn kì í lọ ṣe fàájì. Bí ó bá jẹ́ pé ó lọ sí àgọ́ àdúrà kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí ó ṣe ìṣọ́ òru níbẹ̀ láìsùn, tí ó sì rù padà wá, ìyìn ni wọn ìbá fún un. Èmi náà ń lọ sí ìṣọ́ òru, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ohun tí mo ń wí ni pé a ti sọ àárẹ̀ di ẹ̀rí ìfẹ́, ìyá tí ojú rẹ̀ kò bá sì tí ì wọnú, a kò gbà pé ó ń tọ́jú ọmọ.

Ìdí mìíràn tí àwọn ìdílé fi ń sá fún ìrànlọ́wọ́ ni fọ́tò. Ẹgbẹ́ kan wá sí ilé àbúrò mi rí pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan àti bánà tí wọ́n kọ orúkọ àìsàn náà gàdàgbà sí, wọ́n sì ní kí ọmọ dúró sí iwájú rẹ̀ kí wọ́n ya á. Ọmọ tí kò tí ì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléèwé! Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ náà yóò fẹ́ aya tàbí ọkọ lọ́jọ́ kan, ojú tí àwọn àna sì fi ń wo irú ilé bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Nínú ilé tí a lò ní Ìperu, kò sí bánà, kò sì sí ẹni tí ó gbé nǹkan kan sórí Facebook. Ọlọ́dẹ ilé náà pàápàá rò pé ẹbí onílé ni a jẹ́, kò sì parọ́.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, mo sọ fún wọn pé n kò tọrọ owó, kọ́kọ́rọ́ ni mo ń tọrọ. Ẹnìkan béèrè ta ni yóò tún àga ṣe bí àwọn ọmọ bá ya á. Ẹlòmíràn, tí ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, béèrè ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo wọn: bí ọmọ bá kú sínú ilé òun ńkọ́? N kò rí ẹ̀tàn kankan fi dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì yóò fi wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ yóò máa dúró sí ẹnu géètì tòun ti awakọ̀, tí a kò sì ní í gba ilé tí ó bá jìnnà sí ilé ìwòsàn, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ó ní òun yóò bá ọkọ òun sọ ọ́.

Ilé méjì ni ó ti wọlé báyìí, ọ̀kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Ti Ìjẹ̀bú-Òde kò ní ẹ̀rọ amómigbóná, ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò sì gbọdọ̀ fi omi tútù wẹ̀, nítorí náà a ń wá ẹni tí yóò bá wa fi í sí i. A kò yan alága, a kò sì tí ì fún un ní orúkọ. Ìdílé tí ó kàn ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkàn ni ó ń da ọmọ tiwọn láàmú, ìyá àgbà ni ó sì ń tọ́ ọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí màmá náà bi mí lórí fóònù ni pé ṣé iná ilé Ìkẹ́nnẹ́ kì í lọ, nítorí ẹ̀rọ tí ọmọ fi ń mí. Mo sọ fún wọn pé sólà ni onílé fi sí i, wọ́n sì ní kí n rọra kà á fún àwọn, iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ lè gbé e lóru.